Wàrà gidi l'Ábújà: níbo lẹ ti ń rà á, báwo lẹ ṣe ń jẹ ẹ́?

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Oṣù kẹta rèé tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Kúbwà. Ara le, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò lórí wàrà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá Fúlàní kan máa ń kọjá níwájú ilé wa láràárọ̀, igbá á wà lórí rẹ̀, wàrà á wà nínú omi rẹ̀, á funfun báláú. Owó tí wọ́n bá fún wa lọ sílé ìwé la fi ń rà á. A kì í gbé e délé ìwé. Ojú ọ̀nà la ti ń jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń dín nǹkan lẹ́bàá títì nítòsí ilé mi. Mo ní ṣé wàrà ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwárà ni. Inú mi dùn, mo ra púpọ̀. Ìgbà tí mo fi eyín kàn án, ó dùn o, ata rẹ̀ sì ta sánsán, àmọ́ kì í ṣe wàrà màlúù. Ẹ̀wà ni mo ń tọ́ wò lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń rí ojúlówó l'Ábújà níbí? Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀? Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tún fún mi ní wàràkàṣì òyìnbó kan tó le bí òkúta, mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ̀, kó là mí lọ́yẹ̀.

Àlàájà Màràrábá

Káàbọ̀, ọmọ mi. Ohun tó ṣe ọ́ yẹn ti ṣe gbogbo wa rí. Níbí, àwárà kì í ṣe wàrà màlúù rárá. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń rẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é títí á fi dì, wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́ dín. Àwọn kan ń rì í sínú ẹyin kí wọ́n tó dín in, wọ́n á wọ́n yájì sí i, wọ́n á rẹ́ àlùbọ́sà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní wàrà sóyà nílé náà ni. Oúnjẹ gidi ni, èmi náà ń jẹ ẹ́.

Tó o bá fẹ́ ti màlúù, má kàn ní "wàrà". Sọ pé "cuku" lo fẹ́, kó o sì béèrè bóyá Fúlàní ló ṣe é. Tó o bá ní "nono", wàrà kíkan tí wọ́n ń pò mọ́ fùrá ni wọ́n máa bù fún ọ, ìyẹn náà dára lọ́tọ̀.

Fi ojú wò ó pẹ̀lú. Ti màlúù funfun bí òwú, ojú ìhun apẹ̀rẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Ti sóyà pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń dọ́gba bí ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Tó o bá jẹ ti màlúù tó jẹ́ ti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, á máa dún kín-ín kín-ín lábẹ́ eyín rẹ. Sóyà ò ní dún bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Gwagwalada

Ẹ má lọ wá a lọ́jà ńlá lọ́sàn-án. Kí wàrà tó dé Wùsé tàbí Gárkì, oòrùn á ti pa á, ọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin á ti kàn án. Ibi tí màlúù wà ni kẹ́ ẹ lọ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, àwọn Fúlàní pọ̀. Ilẹ̀ ìjẹko tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn ní Paikon Kore, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gwagwalada ló wà. Ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún kẹfà rèé tí mo ti mọ̀ ọ́n. "Maman Yan Biyu" ló ń pè mí nítorí àwọn ìbejì mi. Tí mo bá dé, mo á ní "Jam na?", á dáhùn pé "Jam", a ó béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ ara wa kí owó tó yọ lápò. Ẹ má fo ìkíni yẹn o.

Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí látìgbà náà ni mo ti ń jẹ wàrà lọ́nà mìíràn.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n fún màlúù. Ó sẹ́ wàrà náà sínú ìkòkò, ó gbé e kaná, ó sì fa igi iná sẹ́yìn kó má bàa tètè hó. Ó ti já ewé bomubomu díẹ̀ sílẹ̀, ewé fífẹ̀ tó nípọn yẹn tí oje funfun máa ń dà lára rẹ̀ tẹ́ ẹ bá já a, tí àwọn Haúsá ń pè ní tumfafiya. Ó gún un, ó fi wàrà díẹ̀ fọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó sì da omi rẹ̀ sínú ìkòkò nígbà tí ti orí iná ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé igi tó fi ń rò ó sílẹ̀. Mo fẹ́ bá a rò ó sí i, ó gbá mi lọ́wọ́. Ó ní tí ọwọ́ ò bá kúrò nínú ẹ̀, kò ní dì pọ̀, á fọ́ sí wẹ́wẹ́.

A jókòó, à ń wo ìkòkò. Bíi ogún ìṣẹ́jú, mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó kọ́kọ́ ki bí ẹ̀kọ tó ń tutù lọ, ó wá sán lójú, omi kan tó mọ́ gaara tó sì pọ́n díẹ̀ yọ láti inú ibi tó sán. Ó jẹ́ kó hó dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Ó wá fi igbá kékeré bù ú sínú apẹ̀rẹ̀, omi ń ro tó, tó, tó sínú abọ́ nísàlẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́, kò fún un, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń fún un. Nígbà tó dojú apẹ̀rẹ̀ dé, wàrà bọ́ sórí fáìfáì, àtẹ híhun yẹn, pẹ̀lú ojú ìhun lára rẹ̀, ó ṣì ń rú èéfín. Ó ya etí kan fún mi. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, kò sí ata. Ó rọ̀, ó lọ́ràá, òórùn igi iná wà lára rẹ̀ díẹ̀, ìkorò kékeré kan sì kù lẹ́yìn ahọ́n mi nígbà tí mo gbé e mì. Ti ewé yẹn ni. Ìkorò yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé wàrà tí mo rà kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ọsàn tàbí nǹkan mìíràn dì.

Nítorí náà, Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ jí ní Sátidé, kẹ́ ẹ wá kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ gbé ike onídèérí tiyín dání. Ẹ ní kó bu omi rẹ̀ sí i fún yín. Ẹ má sì ná an jù: wàrà tútù tó tó nǹkan bíi lítà 5 ló ń di kílò kan péré.

Àlàó

Àwọn ará Kúbwà náà lè gba ìhà Dèídèí lọ, níbi ọjà màlúù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nono láàárọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbé wàrà wá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bẹ̀ wọ́n sílẹ̀, wọ́n á ṣe é fún yín lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Ọ̀fà ní Zaria

Mo fara mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Ti àsìkò ni mo fẹ́ fi kún un, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé wàrà kan náà là ń jẹ yípo ọdún.

Lásìkò òjò tí koríko tútù bá pọ̀, wàrà á pọ̀, ẹ ó rí i rà ní gbogbo òpópónà. Tí ọyẹ́ bá ti wọlé, koríko á gbẹ, ọ̀pọ̀ darandaran á da ẹran gba ìsàlẹ̀ lọ, èyí tó kù nílé á máa jẹ pòròpórò ọkà àti èèpo ẹ̀wà. Wàrà á wọ́n, á sì gbówó lórí. Ẹ má bínú sí ẹni tó ń tà á nígbà náà.

Màlúù funfun oníwo gígùn tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà, Bunaji ni wọ́n ń pè é. Òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní wa. Kì í fún èèyàn ní wàrà púpọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá mu tiẹ̀, lítà kan tàbí méjì lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ darandaran ń rí lọ́wọ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fún wọn yẹn lọ́ràá ju ti màlúù Friesian òyìnbó lọ, ọ̀rá yẹn ló sì ń jẹ́ kí wàrà wa ki lẹ́nu. Ní Ṣíkà lẹ́bàá wa níbí, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, èyí tí wọ́n ń pè ní NAPRI, ti pẹ́ lẹ́nu fífi akọ Friesian gun abo Bunaji, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí lè máa fún èèyàn ní wàrà sí i. Mo ti jẹ wàrà tí wọ́n fi ti àwọn àdàlù yẹn ṣe. Ó dára. Ti Bunaji lásìkò òjò ni mo ṣì ń wá.

Nọ́ọ̀sì Lúgbe

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Wàrà tútù tí iná ò kàn lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn brucellosis ran èèyàn. Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, oríkèé ríro, òógùn lóru: àwọn tó ń mu nono tí wọn ò sè ń gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Wàràkàṣì Fúlàní sàn ju nono lọ lápá ibẹ̀, torí wọ́n ń jẹ́ kó hó. Ewu tiẹ̀ wà lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí iná: omi tí wọ́n fi ṣan apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tó kàn án, eṣinṣin.

Èmi fúnra mi ti jẹbi rí. Mo ra á láàárọ̀, mo gbé e sínú búùtù ọkọ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé e fún àwọn ọmọ. Ó ti ń yọ̀ díẹ̀ lára, mo rí i, mo ní omi rẹ̀ ni. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru la fi mọ́jú. Látìgbà náà, tí mo bá ti dé ilé, kí n tó bọ́ bàtà pàápàá, mo á gbé omi iyọ̀ kaná, mo á da wàrà sí i, á hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi iyọ̀ tuntun tó ti hó tó sì ti tutù ni mo máa ń tọ́jú ẹ sí nínú fíríìjì, mo sì ń pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń fún un. Tí iná ò bá sí láti òwúrọ̀ dalẹ́, mo á dín gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èyí tó bá ń yọ̀, tó ń fà bí ilá, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ẹ dà á nù. Ẹni tó bá fẹ́ já ewé bomubomu fúnra rẹ̀, kó má fi ọwọ́ oloje yẹn kan ojú o. Ó ń ba ojú jẹ́.

Aboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wàràkàṣì òyìnbó rírọ̀ bíi Brie àti Camembert, àti èyí tó ní ebu aláwọ̀ búlúù nínú, sílẹ̀ títí ẹ ó fi bímọ. Kòkòrò listeria lè wà nínú wọn, ó sì lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Kúùkù Ọmọ Òǹdó

Mo ń dáná ní òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú yìí, wàràkàṣì òyìnbó sì ń gba ọwọ́ mi kọjá lójoojúmọ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ wo ẹ̀yìn èyí tí ọ̀gá yín fún yín. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn àmì kéékèèké tó tò bí ara tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, tó ka "Parmigiano Reggiano", ọba ni wọ́n fún yín. Ìtálì ló ti wá, agbègbè Parma àti Reggio Emilia àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣe é lórúkọ yẹn. Odidi kan máa ń tó nǹkan bíi kílò 40, wàrà tó ń lọ sí i sì tó nǹkan bíi lítà 550. Ó kéré tán, oṣù 12 ló gbọ́dọ̀ lò lórí pákó kí wọ́n tó tà á. Òmíràn ń lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta.

Ẹ má rẹ́ ẹ bí búrẹ́dì. Ẹ ti orí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí ọ̀bẹ náà díẹ̀, á fọ́ fúnra rẹ̀ bí èérún òkúta. Nínú ibi tó fọ́ yẹn, ẹ ó rí ohun funfun wínníwínní, á máa ró wán-ín lẹ́nu yín. Kì í ṣe iyanrìn, kì í ṣe ebu. Ọjọ́ tó ti gbó ló bí i. Èròjà kan nínú wàrà ló dì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èérún kan sórí ahọ́n, ẹ má tíì jẹ ẹ́. Ẹ fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, kẹ́ ẹ mí síta gba imú. Adùn ẹran sísun á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà adùn bíi ti ẹ̀pà, iyọ̀ á wá tẹ̀ lé e.

Ẹ má jẹ ẹ́ bó ṣe ti inú fíríìjì bọ́. Òtútù ń pa adùn rẹ̀. Àwọn òyìnbó máa ń gbé e síta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan. Pẹ̀lú ooru Ábújà ní oṣù kẹta, ìṣẹ́jú 15 ti tó.

Kí lẹ máa fi jẹ ẹ́? Ẹ yé wá èso òyìnbó olówó ńlá kiri. Dàbínù ń bẹ níbí nílẹ̀ Haúsá, ẹ pín in sí méjì, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ fi èérún wàràkàṣì sí àárín. Mo ti gbé e fún àwọn àlejò láti Yúróòpù, wọ́n ní kí n tún bù ú wá. Oyin dára pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀pà yíyan náà ń bẹ. Ẹ má ju èèpo ẹ̀yìn wàràkàṣì náà nù o! Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jù ú sínú ẹ̀wà nígbà tó bá ń hó lọ. Ọbẹ̀ ẹ̀wà yẹn á ki, á sì dùn débi pé àwọn èèyàn á máa bi yín pé ẹran wo lẹ fi sè é.

Ti ìtọ́jú: ẹ fi bébà ìdáná wé e kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ike. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fún wa lọ́jà máa ń mú kó làágùn. Tí ebu bá hù lára èyí tó le, ẹ gé ibẹ̀ sọnù pẹ̀lú ìwọ̀n ọmọ ìka kan yí i ká, ìyókù ṣeé jẹ. Tó bá hù lára èyí tó rọ̀, tí kì í ṣe ebu tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i, gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà nù. Èyí tó le yẹn ló yẹ ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró. Mo ra wàràkàṣì Cheddar kan lọ́dún tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, kò sí nǹkan kan lára bébà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá ti dì sí igun rẹ̀ bí àbẹ́là. Ó ti yọ́, ó sì tún dì, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta. Látìgbà náà mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mo á wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí n tó sanwó.

Àlàájà Màràrábá

Kúùkù, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan: mo gbọ́ pé nǹkan inú ẹran ni wọ́n fi ń dì í. Ṣé àwa Mùsùlùmí lè jẹ ẹ́?

Kúùkù Ọmọ Òǹdó

Òótọ́ lẹ gbọ́, mà. Parmigiano, inú ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n fi ń dì í. Àwọn aáfà yín ló lè sọ bó ṣe jẹ́ ní ti ẹ̀sìn. Ẹ wo ẹ̀yìn bébà: tí wọ́n bá kọ "vegetarian" tàbí "microbial rennet" sí i, kò sí ti ẹran nínú ìyẹn. Òmíràn ní àmì hàláàlì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tó múnú mi dùn nígbà tí mo kọ́ ọ. Ní Pọ́túgà, wàràkàṣì kan wà tí wọ́n ń pè ní Serra da Estrela, wàrà àgùntàn ni. Òdòdó igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n fi ń dì í. Wọ́n á gún un, wọ́n á fi omi rẹ̀ sí wàrà, gẹ́gẹ́ bí ìyá Fúlàní ṣe ń lo bomubomu. Olówó ní ń rà á. Àwọn Fúlàní wa ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn ilé níbí, a sì ń ná an títí á fi rẹ̀ wọ́n.

Wákọ̀ Bárùtẹ́ẹ̀nì

Ojú ọ̀nà Kwárà ni mo ń ná. Láti Chikanda tẹ́ ẹ bá sọdá ààlà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tẹ́ ẹ sì dé Parakou, ẹ ó rí wàrà pupa. Wàrà kan náà ni, wagashi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń sè é kó lè pọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ á pupa bí osùn, inú rẹ̀ á ṣì funfun. Ní Gánà náà, wagashi ni. Mo máa ń rà á bọ̀ fún ìyàwó mi, ó ní ó le díẹ̀ ju tiwa lọ, kì í fọ́ nínú ọbẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sókótó

Àwa tá a sún mọ́ ààlà orílẹ̀-èdè Niger tún ní òmíràn. Wọ́n ń ṣe wàràkàṣì kan níbẹ̀ tó fẹlẹ́ bí ẹní. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ẹní koríko, oòrùn á gbẹ ẹ́ títí á fi le gan-an. Tchoukou ni wọ́n ń kọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú "cuku" tí Àlàájà pè yẹn, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni tibẹ̀. Kò nílò fíríìjì. Ẹ kàn ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́, á dún pàkò. Mo ń fi mu tíì láàárọ̀, àwọn ará ibí sì ń gún un mọ́ fùrá. Ọmọ Ìsẹ́yìn, èyí ló yẹ ilé tí iná kò sí.

Ìyá Olóúnjẹ, Nyányà

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ òyìnbó, ẹ fi wàrà sínú ọbẹ̀ dáadáa ná.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú omi, ẹ gé e ní igun mẹ́rin, kó nípọn bí ìka méjì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n ń ju wàrà tútù sínú òróró, á ta pàrà-pàrà, á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ apẹ. Òróró ẹ̀pà, kó gbóná dáadáa, ẹ má kó o pọ̀ jù nínú apẹ. Ẹ má yí i títí etí rẹ̀ á fi pọ́n. Kò ní yọ́ bí ti inú písà, ẹ má bẹ̀rù. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí ti dòdò tó jinná, inú á ṣì rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lásán, yájì ni kẹ́ ẹ wọ́n sí i bó ṣe ń bọ́ lórí iná. Tó bá jẹ́ fún ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ata dín tán pátápátá, kí òróró léfòó, kẹ́ ẹ tó jù ú sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ọbẹ̀ á wọ inú rẹ̀ bíi kànrìnkàn. Nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí irú wọ̀ dáadáa, mi ò mọ ẹran tó lè bá a du ipò.

Ọmọ Ọ̀fà ní Zaria

Ìyá Olóúnjẹ, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n dín ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, funfun, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀kọ tútù. Òróró gbígbóná máa ń bo gbogbo ohun tí koríko àti ewé ti ṣe sí i mọ́lẹ̀. Ẹ dín ti ọjọ́ kejì.

Ìyá Olóúnjẹ, Nyányà

Mo gbà fún yín lórí ìyẹn. Ti ọjọ́ kejì ni mo máa ń rà tà náà.

Kúùkù Ọmọ Òǹdó

Kí n fi ọ̀kan yìí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ràn irú pẹ̀tẹ̀. Ẹ má sá fún wàràkàṣì aláwọ̀ búlúù. Roquefort, ní ilẹ̀ Faransé, wàrà àgùntàn ni, inú ihò àpáta ní Roquefort-sur-Soulzon ni wọ́n ń tọ́jú ẹ sí kí ebu lè hù nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ á kọ́kọ́ lé àwọn kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwa tá a mọ̀ pé bí irú bá ṣe ń rùn tó ló ṣe ń dùn lọ́bẹ̀ tó, kò yẹ kó ṣòro fún wa. Ẹ fi oyin kán an díẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré bí èékánná.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lọ sí Gwagwalada láàárọ̀ Sátidé. Ìyá Ìbejì mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá náà fúnra wọn. Mo kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi, "Jam na?", ó rẹ́rìn-ín, ó dá mi lóhùn, ó sì fi ọwọ́ júwe àpótí pé kí n jókòó. Ìṣù mẹ́ta ló kù, ẹ̀kẹta ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀. Mo ní èyí ni mo fẹ́. A dúró kó ro tán.

Ó gé etí rẹ̀ fún mi. Ìkorò kékeré yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn ahọ́n. Mi ò rántí rẹ̀ láti kékeré, bóyá torí à ń sáré jẹ ẹ́ ká tó dé ilé ìwé. Ó ń dún kín-ín lábẹ́ eyín mi bí Àlàájà ṣe wí.

Mo jẹ ìdajì ní funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ, mo se ìdajì nínú omi iyọ̀ bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n ṣe, mo dín in lánàá. Parmigiano ni ti ọ̀gá mi, àwọn àmì wínníwínní náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ra dàbínù. Èèpo wàràkàṣì náà wà nínú ẹ̀wà tó wà lórí iná báyìí, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo ilé.

Ìyá náà ní òun á tún ṣe é lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Mo ní kó fi ìṣù márùn-ún sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá wà ní Kúbwà tó sì fẹ́ kí n bá òun rà á, kó kọ ọ́ síbí kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó sì fún mi ní ike onídèérí.